Bí Olùwádìí Ṣe Lè Dáhùn Ìwé Ìbéèrè Ẹ̀rí Lórí I-140

Ọ̀pọ̀ olùwádìí tó fi fọ́ọ̀mù I-140, èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ nítorí iṣẹ́ wọn, ránṣẹ́ sí USCIS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, ni ìwé ìbéèrè ẹ̀rí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní RFE, ti bá lójijì, tí oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo mọ bó ṣe rí, nítorí pé ó dé bá èmi náà. Ìwé yìí kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ ẹ̀bẹ̀ yín. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé yín wò ní iyèméjì lórí àwọn kókó kan, ó sì fún yín láyè láti mú iyèméjì náà kúrò kí ó tó ṣe ìpinnu. Àwọn tó gba ọ̀nà EB-2 NIW ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ìyẹn ọ̀nà tí olùwádìí fi ń bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí agbanisíṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ń gbà. Ṣùgbọ́n n óò fẹnu ba EB-1A, ọ̀nà àwọn tó ta yọ gidigidi nínú iṣẹ́ wọn, níbi tó bá yẹ.

Gbèdéke ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Òfin kò gba USCIS láyè láti fún ẹnikẹ́ni ní ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, ìyẹn ọjọ́ 84. Bí ìwé náà bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, wọ́n máa ń fi ọjọ́ 3 kún un fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, tàbí ọjọ́ 14 fún ẹni tó wà lókè òkun. Lẹ́yìn èyí, kò sí àfikún kankan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé tiyín gan-an ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ìdáhùn yín bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí ìdáhùn, wọ́n lè kà á sí pé ẹ ti pa ẹ̀bẹ̀ náà tì, kí wọ́n sì kọ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà lẹ lè dáhùn. Bí ẹ bá fi ìdajì ẹ̀rí ránṣẹ́ lónìí pẹ̀lú èrò pé ìyókù ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, òfin ní kí wọ́n kà á sí pé ẹ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣèpinnu. Nítorí náà, bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ṣì kù, ẹ dúró dè é títí dé ibi tí gbèdéke bá gbà yín láyè dé.

Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni fún lẹ́tà. Ẹ tẹ ìwé náà sórí bébà, kí ẹ sì mú bírò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ àlàyé òfin tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹ fi bírò kan sàmì sí i, kí ẹ kọjá lórí rẹ̀. Èyí tó kàn yín ni àwọn gbólóhùn tí òṣìṣẹ́ náà ti dárúkọ ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, tó sì sọ ohun tí òun kò rí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, however, ló sábà máa ń ṣáájú wọn. Ojú-ìwé 9 ni tèmi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àwọn gbólóhùn tó bá èmi gan-an wí, 11 péré ni wọ́n. Mo da ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ sórí bébà tirẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yàrá, mo sì ń lẹ orúkọ ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gbólóhùn tó dá lóhùn. Ìwé tí n kò bá rí ibi lẹ̀ ẹ́ mọ́, bó ti wù kó dùn mọ́ mi tó, n kò fi í sínú ìdáhùn. Gbólóhùn tí nǹkan kan kò sí lábẹ́ rẹ̀ ló sì ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ṣì kù.

Ìdájọ́ tí wọ́n fi ń wọn NIW ni Matter of Dhanasar, èyí tí AAO, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lábẹ́ USCIS, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ohun mẹ́ta ló béèrè: pé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe níye lórí, ó sì ṣe pàtàkì fún orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lápapọ̀, pé ẹ̀yin gan-an wà nípò láti mú un tẹ̀ síwájú, àti pé, nígbà tí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀ lé orí òṣùwọ̀n, yóò ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní láti yọ yín kúrò nínú ètò agbanisíṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lórí ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn ti ń ṣubú, nítorí pé olùwádìí máa ń gbèjà ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀ dípò iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ Dhanasar fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ẹni náà, ó ń ṣe ìwádìí lórí agbára tó ń ti ọkọ̀ òfurufú tó ń sáré ju ìró lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ó sì tún sọ pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. AAO gbà pé ìwádìí rẹ̀ ṣe pàtàkì fún orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ tó fẹ́ máa kọ́ni, wọ́n gbà pé ohun tó dára ni, síbẹ̀ wọn kò rí ẹ̀rí pé ipa rẹ̀ yóò dé ibi tó gbòòrò nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹni kan náà ni, oyè kan náà ló ní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan dúró, èkejì kò dúró.

Ká ní olùwádìí kan ń ṣe irinṣẹ́ tó lè mọ páìpù omi tí wọ́n fi òjé ṣe láìgbẹ́ ilẹ̀. Bó bá kọ ojú-ìwé 10 lórí ewu òjé lára ọmọdé àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan láti ọdún 2014, níbi tí òjé ti wọ omi mímu, òṣìṣẹ́ náà yóò gbà pé òótọ́ ni, yóò sì tún béèrè pé, èwo ni tìrẹ níbẹ̀? Ìdáhùn tó dára yóò sọ ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe. Yóò so ó mọ́ ìlànà tí EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ omi ní ọdún 10 láti pààrọ̀ irú páìpù bẹ́ẹ̀. Yóò wá fi lẹ́tà ilé iṣẹ́ omi kan tì í, èyí tó sọ pé àwọn ti dán an wò àti ohun tí àwọn rí. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wá ni bí àǹfààní náà yóò ṣe kúrò lọ́wọ́ yín dé ọwọ́ àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí.

Ẹ lè la iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yé wọn dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ Matter of Izummi ti ọdún 1998 ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò lè yí kókó ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà kí aláìpé lè di pípé. Bí ẹ bá kọ irinṣẹ́ omi nígbà àkọ́kọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìdáhùn.

Lórí ohun kejì, pé ẹ̀yin gan-an wà nípò láti mú iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìjẹ́rìí ló kàn, n óò sì dúró pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Olùwádìí tó mọṣẹ́ gidigidi ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti yí ẹ̀ka wa padà.” Oríkì lásán ni. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ṣe nǹkan kan, nítorí pé kò sí ohun tó lè yẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ẹ wá fi wé èyí tí mo ṣe fún àpẹẹrẹ: “N kò bá a ṣiṣẹ́ rí. Ní ọdún 2022, yàrá ìwádìí wa mú ọ̀nà ìṣirò tó wà nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, a fi dán páìpù ilé 60 wò, iṣẹ́ tó máa ń gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta sì parí láàárín ọjọ́ kan. Ìròyìn wa lórí rẹ̀ ni mo so mọ́ lẹ́tà yìí.” Ta ló lò ó, ìgbà wo, fún kí ni, kí ló yí padà, ìwé wo ló fi hàn: lẹ́tà tó bá dáhùn ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí níye lórí ju mẹ́wàá tó kún fún ìyìn lọ. Ẹni tí kò bá yín ṣiṣẹ́ rí ni ẹ̀rí rẹ̀ máa ń wúwo jù ní ti bí iṣẹ́ yín ṣe tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ ipa tí ẹ kó nínú iṣẹ́ tí ìjọba fowó tì lẹ́yìn, ọ̀gá yín nìkan ló lè sọ ọ́: kí ó sọ apá tí ẹ dáwọ́ lé, kì í ṣe pé ẹ wà lára àwọn tó ṣe é. Ẹ má sì ṣe kọ lẹ́tà mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́ kan náà fún ènìyàn mẹ́rin láti buwọ́ lù. Gbólóhùn tó jọra máa ń hàn sí ẹni tó ń ka irú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Iye ìgbà tí àwọn mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ yín kò lè dá dúró bí ẹ̀rí. Ìtọ́kasí 200 lè pọ̀ nínú ẹ̀ka kan kó má tó nǹkan nínú òmíràn, nítorí náà ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà nínú ẹ̀ka yín, tí àpilẹ̀kọ wọn jáde lọ́dún kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àpilẹ̀kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọn tó kọ ọ́ lo ọ̀nà yín ní ti gidi, kí ẹ tẹ ojú-ìwé náà, kí ẹ fi àwọ̀ yẹ́lò kun gbólóhùn tí wọ́n ti dárúkọ yín.

Gbogbo ẹ̀rí yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ ti kún ojú òṣùwọ̀n ní ọjọ́ tí ẹ fi I-140 sílẹ̀. Ìdájọ́ Matter of Katigbak ti ọdún 1971 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí lórí èyí. Àpilẹ̀kọ tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ náà kò lè dí àlàfo tó wà ṣáájú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n kọ lónìí, tó ń sọ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, kò ní àbùkù. Ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni kó hàn kedere nínú rẹ̀.

Ní ti EB-1A, ó kéré tán mẹ́ta nínú ìlànà mẹ́wàá lẹ gbọ́dọ̀ bá mu, lẹ́yìn náà wọ́n á tún wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà lókè téńté. Bí wọ́n bá bi yín nípa àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ímeèlì tí wọ́n fi pè yín kò tó. Ẹ wá ímeèlì tí àwọn tó ń gbé àpilẹ̀kọ ìwádìí náà jáde fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé iṣẹ́ ti dé ọwọ́ wọn.

Ohun kẹta nínú Dhanasar kò fẹ́ ìwé púpọ̀, àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ló fẹ́. Ẹ sọ ìdí tí ètò agbanisíṣẹ́ kò fi bá irú iṣẹ́ yín mu, tàbí ìdí tí Amẹ́ríkà yóò fi jàǹfààní bí àwọn mìíràn tó mọ iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ wà nílẹ̀, tàbí bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ kánjúkánjú tó.

Ẹ̀yin tí ìwé yín bá béèrè nípa oyè tí ẹ gbà nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lọ́jọ́ tí ìwé bá dé, nítorí pé gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí yunifásítì wa tó fi ìwé èsì ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba HND kó tó gba oyè másítà níláti ní ìwé ilé iṣẹ́ tó ń díwọ̀n oyè, tó to ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ará wa láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò níláti túmọ̀ gbogbo ìwé Faransé wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, kí olùtumọ̀ sì buwọ́ lù ú pé òun gbọ́ èdè méjèèjì àti pé ìtumọ̀ náà pé, ó sì tọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá ń dì í, ìwé RFE fúnra rẹ̀ ni kó wà lókè pátápátá, kí lẹ́tà ìdáhùn tẹ̀ lé e, kí àwọn ẹ̀rí sì tẹ̀ lé lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Nínú lẹ́tà ìdáhùn, ẹ da gbólóhùn òṣìṣẹ́ náà kọ gẹ́lẹ́, kí ẹ dáhùn lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà ẹ̀rí àti ojú-ìwé rẹ̀. Ẹ má bá a jà bó bá tilẹ̀ fo ohun tí ẹ ti fi ránṣẹ́. Ẹ kàn tún fi hàn án. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, gẹ́gẹ́ bí Matter of Chawathe ti ọdún 2010 ti sọ, ni pé kí ọ̀rọ̀ yín ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ju kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ní kí ẹ mú gbogbo iyèméjì ayé kúrò. Bí ẹ bá ní lọ́yà, ẹ ka ohun tó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ẹ̀yin lẹ mọ ìwádìí náà.

Àdírẹ́sì tó wà nínú RFE ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹ fi I-140 ránṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ lè fi tọpa rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbèdéke, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà odindi rẹ̀. Bí ẹ bá ti san owó ìyára, ìyẹn owó kí wọ́n lè tètè ṣèpinnu, lórí fọ́ọ̀mù I-907, kíkà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdáhùn bá dé ọ̀dọ̀ wọn: ọjọ́ iṣẹ́ 45 fún NIW, 15 fún EB-1A. Bí wọ́n bá wá kọ̀ ọ́, ẹ ní ọjọ́ 30, tàbí 33 bí ìpinnu náà bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, láti fi fọ́ọ̀mù I-290B pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn; ẹ sì lè fi I-140 mìíràn sílẹ̀, pẹ̀lú àpilẹ̀kọ àti ìtọ́kasí tuntun tí ìdáhùn RFE kò gbà yín láyè láti lò.