Ẹ̀yin tó ń wá ohùn string ayé Solina, ẹ má ṣe báyìí

Ẹni tó bá ń wá ohùn string (ohùn tó dà bí ọ̀pọ̀ fíólìn) inú àwo ọdún 1970 sí 1980 sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí fíólìn gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á wá máa fi EQ (ohun tó ń dín apá kan ohùn kù tàbí tó ń fi kún un) gé e kúrú, kó lè dún bí ohun àtijọ́. Odidi oṣù kan ni èmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀ rí, lórí orin kan ṣoṣo. Kò já sí nǹkan kan, nítorí kò sí fíólìn kankan nínú Solina, kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí mo ń wá ohùn rẹ̀.

Ìdílé dùùrù ni Solina ti wá. Ilé iṣẹ́ Eminent ní Bodegraven, ní Netherlands, ló gbé dùùrù 310 jáde ní 1972, string sì wà lára ohùn rẹ̀. Nígbà tó di 1974, wọ́n kó string náà sínú àpótí ọ̀tọ̀ tó ní key 49, ARP ti Amẹ́ríkà sì ń tà á ní String Ensemble. Torí náà, sawtooth lásán (ìgbì ohùn tó rí bí eyín ayùn) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá dún gbẹ bíi dùùrù olówó pọ́ọ́kú, ẹ fọkàn balẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn kó tó dé ibi ensemble, apá tó ń mú kí ohùn kan dún bíi ti ọ̀pọ̀.

Ẹ má sì pa Mellotron, kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ mìíràn, pọ̀ mọ́ ọn. Ti Mellotron, téèpù ló wà lábẹ́ key kọ̀ọ̀kan, ohùn ohun èlò gidi ló sì wà lórí téèpù náà. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ó tán. Mellotron ló yẹ kó máa gbọ̀n bíi téèpù tó ti gbó. Ẹni tó bá fi plugin téèpù (software kékeré tó ń mú ohùn dún bíi ti téèpù) sórí Solina, ẹ̀wù ẹlòmíràn ló gbé wọ̀ ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni unison. Ènìyàn á to oscillator (ohun tó ń dá ìgbì ohùn) méje lé ara wọn, á detune wọn, kí ohùn wọn má bàa bá ara wọn mu gẹ́lẹ́, ohùn á wú bíi búrẹ́dì. Supersaw nìyẹn, ọmọ kíbọ́ọ̀dù Roland JP-8000 ti 1996. Nínú ẹ̀rọ string, iye ìgbà tí ohùn octave òkè ń gbọ̀n ni wọ́n ń pín sí méjì, tí wọ́n tún ń pín in sí méjì, kí octave ìsàlẹ̀ lè jáde. C òkè àti C ìsàlẹ̀ kì í yà kúrò lára wọn, bí ìka àti èékánná ni. Gbogbo ìmìtìtì tí etí ń gbọ́, lẹ́yìn ìgbà náà ló ń wọlé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà tí gbogbo ohùn bá ti para pọ̀ di ọ̀kan, ó ń gba ojú ọ̀nà mẹ́ta kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá a dúró fún millisecond mélòó kan. Ìgbì méjì ló ń ti àwọn ọ̀nà yìí síwá sẹ́yìn: ọ̀kan ń falẹ̀, kò tó ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, èkejì ń yára, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gòkè pọ̀, dígírì 120 ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Bí akọrin mẹ́ta ni, tí wọ́n ń kọ orin kan náà, tí kò sẹ́ni tó ń mí pọ̀ mọ́ ẹnì kejì. Chorus (effect tó ń mú ohùn kan dà bí púpọ̀) tó ní ìgbì kan ṣoṣo kò lè ṣe é, etí á tètè mọ ibi tó ń yí sí. Ẹ má sì fi mix (ìwọ̀n ohùn gbígbẹ sí èyí tó ti gba ensemble kọjá) sí àárín. Ẹ gbé e dé 100%. Tí ohùn gbígbẹ bá ṣì wà níbẹ̀, á dúró gbagidi bí òpó, èyí tó yẹ kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ á wá máa yí òpó náà ká. Tí software yín kò bá ní ensemble, ẹ lo delay mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, feedback òdo, kí ohùn tó ti jáde má padà wọlé.

Ẹ pa velocity. Solina kò mọ̀ bóyá ẹ gbá key ni tàbí ẹ rọra fọwọ́ kàn án. Crescendo ló ń sọ bí ohùn ṣe ń wọlé, Sustain ló ń sọ bó ṣe ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kó ròkè kó sì relẹ̀, ẹ fi pedal ṣe é.

Kíbọ́ọ̀dù Juno-60 ti 1982 náà ní string tó dùn, àmọ́ voice mẹ́fà péré ló ní, ìyẹn ni pé ohùn mẹ́fà ló lè dún lẹ́ẹ̀kan náà. Tí release (bí ohùn ṣe ń pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò lórí key) bá gùn, kọ́ọ̀dù tuntun á máa já èyí tó ṣáájú gbà. Ẹ fi kún voice tí plugin bá gbà.

Àwọn kan ń fi ọ̀sẹ̀ wá preset (ohùn tí wọ́n ti tò sílẹ̀) tó máa dún bí àwo Oxygène ti Jean-Michel Jarre, 1976. Eminent 310 ló lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e gba inú phaser (effect tó ń mú ohùn máa yí bí ìgbì) Small Stone ti Electro-Harmonix kọjá. Phaser ni wọn kò tíì tàn.

Reverb, ìró tó ń dún lẹ́yìn ohùn bíi nínú gbọ̀ngàn ńlá, ńkọ́? Àwa tí a ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì la jẹ̀bi jù níbẹ̀: string kò tíì wọlé tán, reverb ti bò ó. Ó ń pa ìmìtìtì tí ensemble ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ dín in kù gan-an, kí ẹ sì gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 150 Hz tí gìtá bass bá wà nínú orin.

Kí ẹ tó fi orin ránṣẹ́, ẹ tẹ mono kí ẹ gbọ́ ọ. Àwọn plugin kan ń fẹ ohùn sọ́tùn-ún àti sósì nípa yíyí phase apá kan padà, ìyẹn ni kí wọ́n yí ìgbì rẹ̀ sódì. Lórí fóònù tó ní spíkà kan ṣoṣo, apá méjèèjì á pa ara wọn, string á pòórá, á ku ìlù àti ohùn olórin. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ plugin tó ń fẹ ohùn náà, ẹ pín delay mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òsì, àárín àti ọ̀tún, kí ẹ tún un gbọ́ lórí fóònù yẹn kan náà.