Bí a ṣe ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ nílé ìlagi

Tí wọ́n bá fi yín ṣe alábòójútó ilé ìlagi ní Àkúrẹ́, ẹ mú ìwé àti báírò, kí ẹ yí ọgbà ká pẹ̀lú àwọn tó ń lo ẹ̀rọ gan-an. Àwọn ló mọ wáyà tó ti bó àti bẹ́líìtì tí kò ní ìbòrí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni ìgbà tí igi bá há sẹ́nu ayùn. NEPA á mú iná, ayùn á dúró, ọmọ iṣẹ́ á wá ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Kò pa ẹ̀rọ o, iná ló lọ! Bí iná bá dé lójijì, tàbí tí ẹnì kan bá tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ àtijọ́ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Nítorí náà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fa swíìṣì ńlá ara ògiri wálẹ̀, kí ẹ fi agádágodo tì í. Àpò ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, kì í ṣe àpò ọ̀gá, kì í ṣe orí ìṣó. Bí èèyàn méjì bá jọ ń ṣe é, agádágodo méjì ni. "Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n má tan án" kì í ṣe agádágodo. Bí swíìṣì yín kò bá ní ihò tí a lè tì, ẹ wá rẹwáyà kó bá yín yọ fíúùsì, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó wọn sápò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná wò. Bí ẹ̀rọ kò bá mira, ẹ pa bọ́tìnnì náà padà, ẹ wò ó pé ayùn ti dákẹ́ pátápátá, kí ẹ tó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti èyí tó há jáde.

Ìbọ̀wọ́ dára fún gbígbé pákó. Nídìí ayùn tó ń yí, èmi kì í gbà á láyè: ayùn lè fi fà ọwọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá ẹ̀wù gbọọrọ.

Áńkáṣíìfù kò lè dá eruku igi dúró, ẹ ra ìbòmú gidi. Ẹ má sì jó ìyẹ̀fun igi nínú ọgbà. Àwọn ọlọ́sìn adìyẹ máa ń wá a.

Ní ti ìwé, òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7, kódà bí ẹni náà bá ní kò tó nǹkan.