Ẹ yé ka megajoule, ẹ wo réèlì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ìbọn iná mànàmáná

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kẹ́nìkan má fi fídíò ìbọn tó ń fi iná mànàmáná yìn ọta ránṣẹ́ sí mi, ọta á máa tú jáde pẹ̀lú iná rẹpẹtẹ, á wá ní "ọ̀gá, èyí ló máa lé ìbọn ẹ̀tù wọlé." Lẹ́yìn náà ló máa bi mí nípa kapásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ tó sì ń tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tó fẹ́ rà. Kẹ́ ẹ tó náwó yẹn, ẹ ní sùúrù ká jọ sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, coilgun yàtọ̀ sí railgun. Coilgun, wáyà tí wọ́n wé róbótó ló ń fi òòfà fa ọta. Railgun, réèlì méjì ló tẹ́ sílẹ̀, iná á gba ọ̀kan lọ, á gba ara ọta kọjá, á gba èkejì padà, òòfà tó tibẹ̀ wá lá sì ti ọta síwájú.

Èkejì, gbogbo agbára inú kapásítọ̀ kọ́ ló ń dé ara ọta. Kapásítọ̀ 1000 microfarad tẹ́ ẹ fi 450 fọ́ọ̀tì kún, joule (òṣùwọ̀n agbára) 101 péré ló wà níbẹ̀, coilgun tá a fọwọ́ ara wa ṣe kì í sì í lò ju ìdá bíi mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyókù di ooru.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fọwọ́ kan kapásítọ̀ torí pé ẹ ti pa iná. Ó ṣì lè pààyàn.

Ẹ̀kẹrin wá ni èyí tó ń dùn mí jù. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ní Dahlgren, ní Virginia, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà yìn railgun dé megajoule 33 (joule mílíọ̀nù 33) lóṣù Kejìlá 2010. Ẹ bi àwọn tó ń fi megajoule yẹn yangàn léèrè iye ìgbà tí réèlì kan náà lè yìn kó tó bàjẹ́, wọ́n á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ sì nìyẹn! Agbára tó ń ti ọta jáde náà ló ń ya réèlì méjèèjì kúrò lára wọn, iná tó ń kọjá sì tó mílíọ̀nù ampere (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó), alumíníọ̀mù ara ọta tó fara kan réèlì á yọ́, ó wà lára iná tẹ́ ẹ̀ ń rí lẹ́nu ìbọn tí ò ní ẹ̀tù nínú.

Railgun tí mo kọ́kọ́ ṣe, kọ́pà gidi ni mo rà fún réèlì ẹ̀, mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dán an títí ojú mi fi ń hàn nínú ẹ̀. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó lọ, inú mi dùn. Mo tú bóòtù, mo rí i pé ibi tí ọta jókòó sí ti rí kótokòto bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná jà, nǹkan funfun dídán ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ẹ̀, tí mo bá fi èékánná gbá a á há sínú ihò. Ìgbà kejì, ọta jó mọ́ réèlì, òòlù ni mo fi gbá a kúrò. Mo rò pé iná ò tó ni, mo lọ ra kapásítọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá sọ iná di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ya réèlì á di ìlọ́po mẹ́rin, ooru náà ń bá a lọ. Réèlì mẹ́rin ló bàjẹ́ kó tó yé mi. Ìbọn ẹ̀tù orí ọkọ̀ ogun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta ló ń yìn kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ̀pá ẹ̀.

Ẹ ò sì lè fi kọ̀ǹpútà tó bá wù yín sínú ọta. Ẹ ṣírò ẹ̀: kí ọta fi ọ̀nà mítà 10 péré dé eré mítà 2500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ á wúwo ju tẹ́lẹ̀ lọ níye ìgbà tó lé ní 30,000.

Àwọn tó ń sọ pé nǹkan tuntun ni náà ń bí mi nínú. Kristian Birkeland, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Norway, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ìbọn òòfà ní Norway láti 1901.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ railgun tiwọn ní 2005, wọ́n ná nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n dá a dúró ní 2021. Ọta tí wọ́n ṣe fún un, ìbọn ẹ̀tù ni wọ́n wá ń fi yìn ín. Japan ò tíì jáwọ́, wọ́n kéde ní 2023 pé àwọn ti yìn ín lórí omi, ṣùgbọ́n bí réèlì ṣe máa pẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo iṣẹ́ òun, kó má fi fídíò ránṣẹ́ mọ́. Kó yìn ín nígbà mẹ́wàá, kó tú u, kó ya fọ́tò réèlì.