Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Fún Ìwé Aláwòrán Ọmọdé, àti Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Dópin

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó fẹ́ kọ̀wé fún ọmọdé, ẹ̀kọ́ la kọ́kọ́ máa ń wá: ọmọ tó ń purọ́, ọmọ tí kì í gbọ́ràn, kí ìyà sì jẹ wọ́n ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tètè máa ń mọ̀ pé ìbáwí ni wọ́n dì sínú ìwé fún òun. Ohun tí ojú ọmọ ń wò ni kẹ́ ẹ wá, ẹ̀kọ́ á bá ibẹ̀ yọ bó bá fẹ́ yọ.

Ẹ tẹ̀ lé ojú wọn. Ní oṣù kẹta, nígbà tí kajú bá ń pọ́n láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ jókòó síbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣa á. Àgbà ń ronú iye tí wọ́n máa ra kóró. Ọmọ ń wò ó pé kóró yìí kò sí nínú èso, ìdí rẹ̀ ló rọ̀ mọ́, níta gbangba, ó sì fẹ́ mọ ìdí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi èlú rẹ aṣọ. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án, lójú yín níbẹ̀, á di aró. Ojú ewé méjì ti dé nìyẹn, ẹyọ kan ṣáájú kí ọmọ tó ṣí i, ẹyọ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ògìdì ní Ìjùmú ni ìlú Nike Okundaye tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ohun tí mò ń sọ kò jìnnà sí wa rárá.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sápò. Ìbéèrè ọmọ ni kẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ì báà jẹ́ Yàgbà, Ọwẹ́ tàbí Búnú. Bó bá yá, ẹ lè tún un kọ ní Yorùbá tí wọ́n ń kà nílé ẹ̀kọ́. Bẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, adùn rẹ̀ ti lọ.

Ẹ má gbàgbé àlọ́ náà. Ẹni tó gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà mọ̀ pé ègbè orin ni gbogbo ọmọ ń dúró dè. Gbólóhùn kan tó ń padà wá ní ojú ewé mélòó kan lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú ìwé yín.

Bẹ́ ẹ bá ti mú ìtàn kan, ẹ wá bébà A4 mẹ́jọ, ẹ ṣẹ́ wọn sí méjì pa pọ̀, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn láàárín. Ojú ewé 32 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé aláwòrán ṣe máa ń rí, torí pé orí bébà ńlá ni ilé ìtẹ̀wé ti ń tẹ ojú ewé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àkọlé àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pín ìtàn sáwọn ojú ewé tó kù. Bí ojú ewé kan kò bá ní ohun tuntun tí ojú lè rí, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni gígé ọ̀rọ̀ kúrò. Ká ní ọmọbìnrin kan ń ṣa kóró kajú, tẹ́ ẹ wá kọ pé: “Bọ́lá wọ aṣọ pupa, ó gbé àpò tó ti ya nídìí lé ẹ̀yìn, ó ń lọ sílé láìmọ̀ pé kóró kajú ń já bọ́ lẹ́yìn òun.” Kí ló wá kù tí ayàwòrán máa yà? Ẹ gé e kó ku: “Àpò mi kún. Mo ń relé.” Kí àwòrán nìkan fi ihò hàn, kí kóró máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ajá kan sì máa gbóòórùn wọn bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí pariwo: “Bọ́lá, wẹ̀yìn!” Bọ́lá ò ní wẹ̀yìn. Nítorí ariwo yẹn ni wọ́n á ṣe ní kẹ́ ẹ tún un kà. Tí ìtàn yín bá ju nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ lọ, ẹ tún un gé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún ọmọ tí kì í ṣe tiyín, torí ọmọ ẹni lè máa gbọ́ nítorí ìfẹ́. Ẹ sàmì sí ibi tí ojú wọn ti kúrò lára ìwé. Ó tún sàn kí ẹlòmíì kà á, kẹ́yin máa gbọ́: ibi tó bá ti kọsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àmì ohùn ni kò pé níbẹ̀.

Ní ti ìforítì, ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ni pé wọ́n fi gbogbo ọkàn dúró de èsì ìwé kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ yan àsìkò kékeré tí kò ní yẹ̀, ìdajì wákàtí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ti tó, bébà àti lẹ́ẹ̀dì kò sì nílò iná mànàmáná. Ẹ má tíì sanwó fún ayàwòrán, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń yan tiwọn. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ tún ojú ewé tó ń yọ yín lẹ́nu ṣe, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Beatrix Potter, òǹkọ̀wé ọmọdé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn atẹ̀wé kọ̀ láti tẹ ìwé rẹ̀, The Tale of Peter Rabbit, ẹ̀dà 250 ló fowó ara rẹ̀ tẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1901. Ní 1902, ilé iṣẹ́ kan lára àwọn tó ti kọ̀ ọ́ ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba owó. African Storybook, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àjọ Saide ní South Africa gbé kalẹ̀ ní 2014, ń gba ìtàn ọmọdé ní oríṣiríṣi èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹ lè lo àwòrán tó wà níbẹ̀ fún ìtàn tiyín. Ẹ mọ̀ ṣáá pé ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ fi ìtàn tẹ́ ẹ fẹ́ tà pa mọ́. Fún èyí tẹ́ ẹ máa tẹ̀ fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́wọ́ National Library of Nigeria kó tó dé ilé ìtẹ̀wé, torí ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìwé.