Ẹ Má Tíì Ra Cutter Yẹn: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Oníṣẹ́ T-shirt Tuntun

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Kò sí ìgbà tí àwọn ọmọ Unilorin tàbí ti Kwara Poly bá ń parí ìdánwò àṣekágbá, tí iṣẹ́ aṣọ sign-out bá gbòde, tí ọ̀dọ́ kan kò ní gbé cutter tuntun, ẹ̀rọ tó ń gé ike pẹlẹbẹ tí à ń pè ní vinyl, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke: “Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, kò gé dáadáa.” Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí kò bá iṣẹ́ wọn mu ni wọ́n rà. Owó tí wọ́n sì kó lé e, owó àjọ ni, tàbí èyí tí ìyá wọn yá ní kọpuréétíìfù. Wàláhì, ó ń dùn mí.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí vinyl jẹ́. Ẹni tó ti ń tẹ aṣọ, tó ti mọ̀ pé HTV (vinyl tí à ń fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ) yàtọ̀ sí SAV (èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn), tó wá fẹ́ ní cutter tirẹ̀ láìná owó rẹpẹtẹ, òun ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Èkíní, ẹ má ra cutter kí ẹ tó mọ ohun tí àwọn oníbàárà yín ń béèrè. Cutter kì í tẹ àwòrán, gígé ló ń gé. Orúkọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́ẹ̀sì, àkọlé aláwọ̀ kan tàbí méjì, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fọ́tò bàbá olóògbé ni wọ́n fẹ́ ní àyà aṣọ fún ìsìnkú ní Òmù-Àrán, pẹ̀lú òdòdó àti àwọ̀ tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ DTF nìyẹn, àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí ike kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ẹ lè ra DTF tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀, kí ẹ fi heat press tiyín, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ aṣọ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín bá jẹ́ fọ́tò, heat press tó dára ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Cutter lè dúró dìgbà tí iṣẹ́ jẹ́ẹ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ̀kejì, ẹ yé fi fífẹ̀ ẹ̀rọ ṣe fáàrí. Mo rí ẹni tó ra cutter tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ fún iṣẹ́ T-shirt, ó ní bó bá dọ̀la òun á máa lẹ SAV sára ọkọ̀. HTV tí à ń rà sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Heat press tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38 níbùú lóròó. Ohun tí ẹ bá gé tó ju ìyẹn lọ, orí kí lẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́? Cutter ínṣì 24 ti tó, á gba róòlù HTV bó ṣe wà. Àwọn kékeré orí tábìlì, irú Cricut àti Silhouette Cameo tó wọ́pọ̀, nǹkan bí ínṣì 12 ni wọ́n ń gé. Àkọlé àyà aṣọ àgbàlagbà kì í sábà ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹ ó kọ́kọ́ máa fi ọwọ́ gé róòlù kéré kó tó lè wọlé, àjákù rẹ̀ á sì máa pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni sọ́fítíwíà, ibí yìí gan-an ni inú ti ń bí mi jù. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè iye owó. Wọ́n á béèrè bó ṣe yára tó. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé sọ́fítíwíà wo ló ń bá a ṣiṣẹ́, àti pé ṣé yóò ṣí lórí kọ̀ǹpútà tòun. Ọmọkùnrin kan wá bá mi láti Ọ̀fà. Tòkunbọ̀ ínṣì 24 ló rà ní Èkó, ó gbé e wọ mọ́tò délé. Sọ́fítíwíà tó bá a wá wà nínú CD, CD yẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣí. Láptọ́ọ̀pù ọmọ náà kò ní ojú CD. Ó lọ yá èyí tó ní, Windows orí ìyẹn wá tuntun jù fún ẹ̀rọ àtijọ́ náà, kọ̀ǹpútà kò rí cutter rárá. Ó pe ẹni tó tà á fún un. Onítọ̀hún ní kó dá a padà sí Èkó, kó sì san owó mọ́tò fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún kò bàjẹ́ o! Bíléèdì rẹ̀ mú, rólà rẹ̀ ń yí geere. Ọmọ yìí ti gba àsansílẹ̀ owó jẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan, ṣọ́ọ̀bù mi la ti bá a gé e kí ojú má bàa tì í.

Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún gbogbo yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń gbọ́ HPGL. Àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ọ̀pọ̀ cutter nìyẹn, bí tiyín bá sì ń gbọ́ ọ, ẹ ò ní di ẹrú sọ́fítíwíà kan ṣoṣo. Inkscape, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló lè yí JPEG tí oníbàárà fi WhatsApp ránṣẹ́ padà sí ìlà tí bíléèdì lè tẹ̀ lé.

Ẹni tó bá fẹ́ Cricut, kó mọ̀ pé Design Space, sọ́fítíwíà Cricut fúnra wọn, ni yóò máa lò, kò sì lè lò ó láìní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ẹni tí kì í sanwó oṣooṣù yóò máa gbé àwòrán 20 péré wọlé lóṣù. Àwọn tó ń lò ó fárígá káàkiri, wọ́n sì yí i padà nínú oṣù kan náà. Ẹ̀rọ wọn dára, ó ń gé letí-letí. Àmọ́ ẹ rí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ti Silhouette náà ní tirẹ̀: Silhouette Studio ọ̀fẹ́ kì í ṣí SVG, irú fáìlì àwòrán onílà. Ẹ ó sanwó fún Designer Edition, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń ṣí i, tàbí kí ẹ máa sọ iṣẹ́ yín di DXF, irú fáìlì onílà mìíràn, kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹni tó mọ èyí ṣáájú kò ní bínú. Ẹni tí kò mọ̀ ló máa ń pè mí láàárín òru.

Sọ́fítíwíà jíjí tí wọ́n ń pín kiri nínú fláàṣì, ẹ fi sílẹ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ á jẹ iṣẹ́ oníbàárà yín tán.

Ẹ máa yí àkọlé sódì kí ẹ tó gé HTV. Kò yẹ kí n tún máa sọ èyí.

Ojú tí àwọn cutter kan ní, tó ń ka àmì káàkiri àwòrán, iṣẹ́ sítíkà tí a ti tẹ̀ ló wà fún. HTV aláwọ̀ kan kò nílò rẹ̀, torí náà ẹ má fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Cutter fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, heat press ló ń jẹ ẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé heat press tó ń fa wáàtì 1,400 sókè, ẹ má dán an wò. Ohun tó ń ba iṣẹ́ cutter jẹ́ ni kí NEPA mú iná lọ níbi tí ó gbé ń gé lọ́wọ́. Bí iná bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní rántí ibi tí wọ́n dé, HTV yẹn ti ṣòfò nìyẹn. UPS kékeré tàbí ínfátà ti tó fún un. Èyí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná, pàápàá heat press. Bí wọ́n bá kọ 110V nìkan, iná wa á jó o.

Bíléèdì pẹ̀lú. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń lo ìdì bíléèdì (ohun tó ń di bíléèdì mú) irú ti Roland, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe cutter, nítorí ó wọ́pọ̀, ẹ ò ní máa ránṣẹ́ sí Ṣómólú ní Èkó nítorí bíléèdì kan ṣoṣo. Dígíríì 45 ni ti HTV lásán. Dígíríì 60 ni ti èyí tó nípọn, irú flock (tó ní irun wẹ́wẹ́) àti glitter (tó ń dán yinrinyinrin). Bí bíléèdì bá kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á máa fi agbára kún un títí yóò fi la ike ẹ̀yìn vinyl já, tí yóò sì máa gé ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Vinyl nìkan ló yẹ kó gé, kí ike ẹ̀yìn rẹ̀ wà láìfarapa.

Bí ẹ bá lọ wo ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání, àti HTV tiyín, àti iṣẹ́ tí ẹ fúnra yín yà. Fídíò tó fi hàn yín lórí fóònù kò tó. Ẹ ní kó gé òbìrípo kan, lẹ́tà wínníwínní díẹ̀, àti ìlà gígùn kan tó tó mítà kan, kí ẹ wò ó bóyá vinyl ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ibi tí òbìrípo náà ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé ibi tó parí sí. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá pàdé, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì ló dẹ̀, ó sì lè jẹ́ offset bíléèdì (bí ẹnu rẹ̀ ṣe jìn sí àárín ìdì rẹ̀) ni kò bọ́ sí i. Mílímítà 0.25 ni offset yẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹ ní kó tún un ṣe lójú yín. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, kò lè tún un ṣe fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó tán.