Bí Iṣẹ́ Kóòṣì Ṣe Di Okòwò Mọ́ Mi Lọ́wọ́ ní Ìbàdàn

Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tí mo ń kọ́ ní eré ìdárayá, nínú ọgbà pápá ìṣeré tí àwa ará Ìbàdàn ṣì ń pè ní Liberty, níbi tí Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní ọdún 1963. Àwọn mẹ́rin péré ni wọ́n. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni a máa ń pàdé, ẹni tí ó bá sì wá yóò san ₦1,000 kí ó tó lọ. Mo pe ìyẹn ní okòwò.

Bí òjò bá ṣú, wọn kì í jáde nílé, n kò sì ní rí owó gbà, bẹ́ẹ̀ onílé mi kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ni mo jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ mi, ojú sì tì mí: mo lè sọ iye tí ìbàdí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fi dín láti ọjọ́ tí ó ti dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ iye tí ó wọlé fún mi ní oṣù tí ó kọjá, nítorí pé inú àpò kan náà tí mo ń kó owó wọn sí ni mo ti ń san owó ọ̀kadà tí mo sì ti ń ra gààrí.

Mo sọ owó náà di ti oṣooṣù, àsansílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Mo pín in sí ìgbà mẹ́ta, ìṣẹ́jú 50 lẹ́ẹ̀kan, mo sì bu ₦10,000 lé e fún oṣù kan. Méjì nínú àwọn mẹ́rin náà lọ. Àwọn méjì tí ó kù wá ń jáde nínú òjò wínníwínní, nítorí pé owó wọn ti wà lọ́wọ́ mi.

Mo fi orúkọ okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tí ó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, kí ilé ìfowópamọ́ lè ṣí àkáǹtì fún un, mo sì ń san owó oṣù fún ara mi láti inú rẹ̀. Nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020, orí fídíò WhatsApp ni mo ti ń kọ́ wọn.

Ní ọdún 2021 mo gba yàrá àti pálọ̀ kan ní Bódìjà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n yá owó ra ẹ̀rọ ìsáré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò epo tí jẹnẹrétọ̀ yóò máa mu, mo rí i pé èmi ni n óò máa sáré. Wẹ́dà kan bá mi jó irin ọkọ̀ àtijọ́ pọ̀, mo po sìmẹ́ńtì sínú korobá ọ̀dà láti fi ṣe irin gbígbé fún wọn, mo sì ra ẹní àti okùn. Àwọn kan fi korobá náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi gbé e.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò fi owó rẹ̀ ṣahun ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 140 lórí 90 gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà kí n tó gba owó rẹ̀. Ìyá kan tí ó ń ta ata ní ọjà Bódìjà wá lọ́jọ́ kan, ó ti ka owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lórí tábìlì kí n tó wọn ọ́n: 172 lórí 104.

“Kóòṣì, ṣé owó tèmi kò dára ni?”

“Ó dára, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ná.”

Ó fi ìbínú kó owó rẹ̀. Owó ilé ku ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó padà dé pẹ̀lú ìwé dókítà, òògùn nínú báàgì, àti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń tajà.

Ó ṣì ń wá. Kò tíì dárí jì mí tán, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó tó na owó sí mi, yóò kọ́kọ́ bi mí bóyá ó dára.