Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń dá ṣe ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbafẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ìrìn-àjò ìwádìí, ẹ má sún ìgbafẹ́ di ìparí. Iṣẹ́ láàbù kì í tán. Tẹ́ ẹ bá gbé àwo E. coli (irú bakitéríà kan) sínú ẹ̀rọ amóoru ní 37°C ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lẹ máa yọ ọ́: wákàtí 16 nìyẹn, gbogbo alẹ́ di tiyín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ o, pàápàá tó bá jẹ́ ampicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, lẹ lò. Àwọn bakitéríà tó hù á ti pa agbára oògùn náà láyìíká wọn, àwọn wínníwínní tí kò yẹ kó hù á wá yí wọn ká.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde látàárọ̀, ẹ fi DNA (èròjà àbùdá) sílẹ̀ nínú ethanol (ọtí) ní −20°C. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sí bébà tó wà lára ohun tẹ́ ẹ fi DNA náà sí; ethanol máa ń pa yíǹkì rẹ́.